Fídíò Ọṣẹ Tí Ìyàwó Mi Fi Sílẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn tí a sin ìyàwó mi, mo mú bàtà mi lọ sọ́dọ̀ aránbàtà kan ní Ìsìkàn, nílùú Àkúrẹ́, kí ó bá mi lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ọmọdé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó gbé fóònù ti òkìtì aṣọ, ó ń wo fídíò bó ṣe ń ká àwọn ṣòkòtò kéékèèké. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ẹ̀rín ìyàwó mi.

N kò sọ pé ẹ̀rín tó jọ tirẹ̀ ni mo gbọ́. Tirẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án o, ẹ jẹ́ kó tutù," aláṣọ náà sì rẹ́rìn-ín tẹ̀lé e bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ wà nínú ilé ìdáná kan náà. Mo dìde. Mo sọ fún aránbàtà pé n óò padà wá. Nígbà tí mo délé, mo mú fóònù ìyàwó mi jáde láti inú dúrọ́ọ̀, mo ṣáàjì rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn fídíò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà lè rí wọn mọ́. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ni. Kò gbà mí tó wákàtí kan.

Mo rò pé mo ń bọ̀wọ̀ fún un ni. Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu obìnrin mẹ́sàn-án nílùú Oǹdó. Mo mọ̀ pé yóò kàn wọ́n, n kò sì jẹ́ kí ara mi ronú dé ibẹ̀.

Olùkọ́ ni àwa méjèèjì títí a fi fẹ̀yìn tì. Èmi kọ́ àwọn ọmọ nípa ilẹ̀, odò àti ojú ọjọ́. Òun kọ́ wọn ní oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, ọmọ Oǹdó ni òun, wọ́n sì bí i sí agboolé tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ dúdú láti ìgbà ìyá ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ kí àwọn òbí rẹ̀, òórùn àdín àti èéfín ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà kí ènìyàn kankan tó jáde.

Iṣẹ́ náà kì í yá. Wọ́n á sá èèpo kòkó sóòrùn títí yóò fi gbẹ, wọ́n á sun ún di eérú, wọ́n á kó eérú sínú agbọ̀n, wọ́n á máa da omi lé e díẹ̀díẹ̀ kí ó máa kán sínú ìkòkò nísàlẹ̀. Omi eérú yìí ni wọ́n ń sè títí yóò fi lágbára, kí wọ́n tó da àdín sí i. Lẹ́yìn náà ló kù kí ènìyàn máa rò ó, kó máa rò ó, títí ọṣẹ yóò fi ki. Ìyàwó mi a máa sọ pé ẹni tí kò bá ní sùúrù, kó lọ ra ọṣẹ olóòórùn dídùn ní ṣọ́ọ̀bù, kó má wá da eérú ẹni ẹlẹ́ni nù.

Nígbà tí ìyá wọn kú, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló jókòó ti iṣẹ́ náà pẹ̀lú obìnrin mẹ́jọ mìíràn. Opó pọ̀ nínú wọn. Ọjà ti ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn alájàpá tó ń wá láti ọ̀nà jíjìn ló ń dá iye tí wọ́n fẹ́ san, torí kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ pé àwọn obìnrin náà wà láyé. Bí a bá ti Oǹdó dé, ìyàwó mi kì í sọ̀rọ̀ títí a ó fi jẹun alẹ́.

Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, obìnrin ni, òkè òkun ló ń gbé. Lọ́jọ́ kan ó fi àwòrán ọṣẹ kan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ó ní ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ lórúkọ ọṣẹ dúdú ilẹ̀ wa nìyí. Ìyàwó mi wò ó. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó tún un wò.

"Dúdú ni lóòótọ́," ó ní, "àmọ́ èyí ò fojú kan eérú rí."

Inú bí i fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ní kí n ṣáàjì fóònù kó kún, kí n sì wọ aṣọ tí n kò ní í kọ̀ kó dọ̀tí, pé Oǹdó là ń lọ. Ó ní òun máa ṣe ọṣẹ fún gbogbo ayé wò, èmi ni n óò sì máa gbé fóònù.

N kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn fídíò orí ayélujára nígbà náà. Ní ojú tèmi, ijó àti èébú ló kún ibẹ̀, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń da omi síra wọn lára. Ṣùgbọ́n mo gbé fóònù.

Òfin kan wà nínú agbo ọṣẹ wọn tí ẹnì kankan kò sọ fún mi ní gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ àna wọn, bóyá torí pé n kì í wọ ẹ̀yìnkùlé. A kì í kí ẹni tó wà nídìí ìkòkò nígbà tí ọṣẹ bá ń hó. Wọ́n ní bó bá la ẹnu dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. Bí ọwọ́ bá sì dúró, ọṣẹ á jóná nísàlẹ̀ tàbí kó hó dà sínú iná. Èmi tí mo ti fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ẹni tí kò kí àgbà kò lẹ́kọ̀ọ́, mo wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, mo rí ìyá tó dàgbà jù nínú wọn nídìí ìkòkò tó tóbi jù, mo tẹrí ba.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá!"

Ìyá àgbà náà kò wo ojú mi. Ó ń fi ọwọ́ kan rò, ó fi èkejì nàka sí ẹnu ọ̀nà.

"Bọ̀dá!" Àbúrò ìyàwó mi ti sáré dé. "Ta ló ní kẹ́ ẹ kí i?"

"Ṣé kí n má kí àgbà ni?"

"Ẹ kí i lóde! Ẹ kí i lọ́la! Ẹ kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì!"

"Àna yìí fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ilé ba ọṣẹ jẹ́," ni ẹlòmíràn sọ lẹ́yìn agbọ̀n eérú.

Ìyàwó mi ti fara ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ó di ikùn mú. Mo ní kí a pa fídíò náà rẹ́, kí a tún un yà. Ó kọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Èyí gan-an ni wọ́n máa wò." Ó sì rí bó ṣe wí. Kí oṣù náà tó parí, àwọn tí a kò mọ̀ rí ti ń kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé kí a bá wọn kí Bàbá Ẹ-Kú-Iṣẹ́. Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ mi. Olùtajà oògùn kan nítòsí ilé wa l'Ákúrẹ́ fi pè mí lójú gbogbo ènìyàn.

Kì í ṣe gbogbo àwọn obìnrin náà ló kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Ìyá àgbà nídìí ìkòkò ló sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn.

"Ọmọ mi, o fẹ́ gbé ìdí ìkòkò wa han gbogbo ayé. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n ṣe tán, ta ni yóò ra tiwa?"

"Ìyá," ni ìyàwó mi dá a lóhùn, "ó ti tó ogójì ọdún tẹ́ ẹ ti ń wo àlùfáà lórí pẹpẹ. Ṣé ẹ ti lè wàásù?"

"Èmi? Mo lè wàásù ju ìyẹn lọ!"

"Ó dáa. Ẹ bọ́ síwájú fóònù, kẹ́ ẹ wàásù ọṣẹ."

Ìyá náà bọ́ síwájú lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, ńṣe ló kù kí a máa bẹ̀ ẹ́ kó fi ààyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Mo ti gbé ayé pẹ́ tó láti rí bí rédíò ṣe wọ abúlé àti bí tẹlifíṣọ̀n ṣe wọ ilé. Nínú méjèèjì, ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀, àwa ń gbọ́. N kò tíì rí ohun tó jẹ́ kí obìnrin tí kò jáde kúrò ní Oǹdó rí jókòó sórí àpótí rẹ̀, pẹ̀lú eérú lọ́wọ́, kí ó sì máa bá ayé sọ̀rọ̀ ní èdè Oǹdó tirẹ̀, kí ayé sì máa dá a lóhùn. Ọkùnrin kan kọ̀wé láti ìlú òtútù pé òun ti wo ìyá àgbà nígbà mẹ́wàá, torí pé láti ọjọ́ tí ìyá òun ti kú, kò sí ẹni tó bá òun sọ̀rọ̀ báyẹn mọ́. Ìyàwó mi ka ìwé náà fún gbogbo wọn. Ìyá àgbà ní kí a sọ fún un pé kó jẹun, kó sì wọ ẹ̀wù tó nípọn.

Ọjà náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àwọn awakọ̀ ní gáréèjì Oǹdó mọ orúkọ ọṣẹ wa, wọ́n ń gbé e lọ síbi tí ẹsẹ̀ àwọn obìnrin náà kò dé rí. Tẹ́lọ̀ kan ládùúgbò ń rán àpò kéékèèké tí wọ́n ń kó ọṣẹ sí. Ní Ìpogun, níbi tí èèpo kòkó ti máa ń jẹrà sábẹ́ igi tí yóò sì máa fa àrùn sí èso tó kù, àgbẹ̀ kan rí fídíò wa, ó kó èèpo tirẹ̀ sínú àpò, ó gbé e wá. Ó ní ìyàwó òun ló fi hàn òun. Ó ní, "Ohun tí mò ń fi ẹsẹ̀ gbá láti kékeré, òun lẹ ń fi tọ́jú ara yìí?" Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, èèpo kòkó sì di ohun tí ènìyàn ń dúnàádúrà lé lórí.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó jáde ilé ìwé gíga, tí kò ríṣẹ́, wá láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ó ti fi fídíò kọ́ iṣẹ́ náà, àmọ́ ọṣẹ rẹ̀ kọ̀, kò ki. Ìyàwó mi wo omi eérú tó gbé wá, ó fi ṣóńṣó ahọ́n tọ́ ọ wò, ó ní, "O kánjú. Padà lọ sè é." Ọ̀dọ́bìnrin náà ti ń ṣe tirẹ̀ báyìí l'Ọ́gbẹ̀sẹ̀, ó sì ń tà á. Ohun tó ń ba ìyá àgbà lẹ́rù kò ṣẹ. Bí àwọn tó mọ ọṣẹ gidi ṣe ń pọ̀ sí i ni àwọn tó ń béèrè rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ìyàwó mi kò purọ́. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bi í bóyá ọṣẹ náà ń wo èyí, bóyá ó ń wo tọ̀hún, bóyá ó lè sọ dúdú di pupa. Àwọn mìíràn tó ń tajà lórí fídíò á ní bẹ́ẹ̀ ni. Òun á kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn pé, "Ọṣẹ ni, ọmọ mi, kì í ṣe dókítà. Ẹ fi wẹ̀." Ó ń dá gbogbo wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń ṣàmì sí ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé, pẹ̀lú gíláàsì lójú, ní tábìlì ìjẹun.

Àìsàn rẹ̀ kò pẹ́. N kò ní í kọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ní oṣù tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó ṣì lọ sí Oǹdó, ó jókòó nígbà tí àwọn yòókù dúró, ó sì sọ fún àwọn tó ń wò ó pé ẹsẹ̀ ló ń dun òun díẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, ọkọ kì í jogún aya. Ohun tí obìnrin ní, ti àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Oǹdó, àgbà ọkùnrin ẹbí náà ló ṣáájú wọn, wọ́n sì jókòó sí pálọ̀ wa. Ọmọ wa ti sọ lórí fóònù pé Bíbélì ìyá òun àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ kan ni òun fẹ́, kí ìyókù jẹ́ ti àbúrò ìyá òun. Mo kó gbogbo nǹkan jáde fúnra mi. Mo kó aṣọ, ìkòkò, bàtà, ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé n kò fi abẹ́rẹ́ kan pamọ́. Inú mi sì ń dùn díẹ̀ sí bí mo ṣe ń ṣe é dáadáa.

Nígbà náà ni àgbà ẹbí béèrè pé, "Fóònù rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní bátìrì rẹ̀ ti bàjẹ́.

Àgbà náà mi orí, ó ní kí a fi sílẹ̀. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì lọ. Irọ́ ni mo pa. Fóònù náà wà nínú dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, kò sí ohun tó ṣe bátìrì rẹ̀. Ohùn ìyàwó mi ló wà nínú rẹ̀, n kò sì rí bí mo ṣe lè gbé ohùn rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ pẹ̀lú ìkòkò àti bàtà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ sọ́dọ̀ aránbàtà.

Lẹ́yìn tí mo ti àwọn fídíò náà, àbúrò rẹ̀ pè mí. Ó ní òun ò rí fídíò kankan mọ́, ṣé mo rí i? Mo ní n óò wò ó. Ó tún pè ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní àwọn oníbàárà rò pé wọ́n ti kógbá sílé, pé àwọn mìíràn rò pé gbajúẹ̀ ni wọ́n látìbẹ̀rẹ̀. Mo ní n óò wò ó. Lẹ́yìn náà, n kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. N kì í ṣe ẹni tó máa ń sá fún ìpè ènìyàn, ó sì rọrùn fún mi ju bí mo ti rò lọ.

Ó wá fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lọ́sàn-án. Mo ṣílẹ̀kùn, mo ní kó jókòó. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ dáadáa, ẹ̀yin ni mo máa ń pè é, torí àna kì í kéré.

"Mi ò tíì jókòó, Bọ̀dá. Mo gbé fóònù mi lọ fún ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe nítòsí wa, mo ní kó bá mi wo ẹni tó pa fídíò wa rẹ́. Ó ní wọn ò pa á rẹ́, wọ́n tì í ni. Ó ní ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ló tì í. Mo ní ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ti kú. Ẹ mọ ohun tó sọ fún mi? Ó ní, 'Ìyá, òkú kì í tilẹ̀kùn.'"

"Èmi ni mo tì í," mo ní.

Ó wá jókòó.

"Kí la fi ṣẹ̀ yín?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní Ìsìkàn, lójú títì. Ó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ń fi ẹ̀rín rẹ̀ káṣọ."

"Ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bọ̀dá, ojoojúmọ́ lèmi náà ń gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó tì í. Bí mo bá ti dáná, màá tàn án, màá gbé fóònù sórí ògiri, ẹ̀gbọ́n mi á máa bá mi sọ̀rọ̀ títí ọṣẹ á fi ki. Ṣé ẹ̀yin nìkan lọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni?"

Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Bàtà rẹ̀ tí ò bá ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mu, ẹ kó o fún wa. Ìkòkò tó ti jò, ẹ kó o fún wa, a sì ní ẹ ṣé. Ẹ wá gbé ọjà tì mọ́nú dúrọ́ọ̀! Méjì nínú wa ti padà sídìí oko ríro, Bọ̀dá, oko olóko. Bàbá Ìpogun ti wá kó èèpo kòkó rẹ̀ padà, ó ní kò dáa kó jẹrà sí wa lọ́rùn. Ìyá sì ń bi mí láràárọ̀ bóyá àwọn èèyàn inú fóònù ti padà dé. Kí n sọ fún un pé kí ni? Kí n ní ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń jowú àwọn tó ń ra ọṣẹ?"

Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí mo ṣe. Mo ti rò pé àwọn fídíò náà jẹ́ àwòrán òkú, bí èyí tí a gbé kọ́ ògiri, tí ọkọ lè yí ojú rẹ̀ padà bó bá wù ú. Ọjà ni wọ́n jẹ́. Ìsọ̀ tí obìnrin kan kọ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ni, èmi tí n kò lẹ́tọ̀ọ́ sí orógùn kan nínú ẹrù rẹ̀ ni mo gbé àgádágodo sí i lẹ́nu.

Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní kí n gbé fóònù wá. Mo sọ fún un pé n óò gbé e wá sí Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé, kí ó bá mi pe àgbà ẹbí. Ojú wọn ni mo ti purọ́, ojú wọn ló yẹ kí n ti dá a padà. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ ta kò mí, ó wá ní, "Ẹ má jẹ́ kí bátìrì kú kó tó di Sátidé o."

Nígbà tí mo débẹ̀, kò sí iná nídìí ìkòkò kankan. Agbọ̀n eérú ti gbẹ. Àwọn obìnrin méje jókòó, àgbà ẹbí wà láàárín wọn lórí àga. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan bò. Ó gbọ́ mi tán.

"Ẹ ní bátìrì ló bàjẹ́."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Bátìrì ta ló bàjẹ́?"

Àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ní, "Ẹ fi í lẹ̀. Ṣáájú ìgbà yìí, ìkíni ló fi ń ba ọṣẹ jẹ́. Ó ti dáwọ́ ìyẹn dúró, òmíràn ló kàn." Ó na ọwọ́ sí mi, mo gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́, òun gbé e fún àbúrò ìyàwó mi. Mo sọ nọ́ńbà tó ń ṣí i. Mo fi bí a ṣe ń ṣí àwọn fídíò náà hàn án, ó sì ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn ìyàwó mi ń jáde lẹ́ẹ̀kan, ó ń dáwọ́ dúró, ó ń tún jáde. Mo dúró níbẹ̀. Ó ṣeé gbà mọ́ra ju bí mo ti bẹ̀rù lọ, torí pé gbogbo wa la jọ ń gbọ́ ọ.

Ìwé àkọ́kọ́ wọlé kó tó ṣí wọn tán. Ó kà á sókè: "Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé ẹ ti dé? Ọṣẹ mi ti tán látọjọ́ pípẹ́." Ìyá àgbà ní kó sọ fún un pé a ò lọ síbì kankan. Ó tún ní kí ẹnì kan lọ pe àwọn méjì tó wà lóko.

Bí àbúrò ìyàwó mi ṣe ń wo ìsàlẹ̀ fóònù náà, ó rí fídíò kan tí a kò gbé jáde rí. Ó tẹ̀ ẹ́. Dúdú ni, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó rò pé ó ti bàjẹ́. A wá gbọ́ ohùn.

"Ṣé ó ti ń yà á?"

"Ó ń yà á."

"Ẹ wò ó dáadáa."

"Mo ní ó ń yà á, ìyàwó."

Àtàǹpàkò mi ni mo fi bo ojú kámẹ́rà náà fún ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. N kò mọ̀, òun náà kò mọ̀. Nínú òkùnkùn yẹn, ó ṣàlàyé bí a ṣe ń mọ eérú tó dára, ó sì rẹ̀ ẹ́, ó jókòó, a wá ń bára wa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ó ní bóyá kí a lọ ra iṣu l'Ọ́gbẹ̀sẹ̀ tàbí kí a fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín.

Àbúrò rẹ̀ dá a dúró. "Èyí kì í ṣe ọjà," ó ní. "Ta ló máa ra èyí?" Ó wo àgbà ẹbí.

"Ọkọ kì í jogún aya," ni àgbà náà wí. "Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí ẹbí má ta ọkọ lọ́rẹ. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí i."

Mo fẹ́ dúpẹ́, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní òun ti dàgbà ju kí òun máa gbọ́ ọpẹ́ lẹ́nu òpùrọ́. Àbúrò ìyàwó mi fi fídíò náà sínú fóònù mi, ó sì pa á rẹ́ kúrò nínú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ó lè jẹ́ tèmi nìkan. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àwọn tó ń kọ̀wé sí i, wọ́n ti ń pọ̀.

Mo gbé àpótí kan lọ sí abẹ́ òrùlé, mo gbé fóònù sétí. Wọ́n ti ń kó igi sábẹ́ ìkòkò tó tóbi jù. Nínú fídíò náà, ìyàwó mi ń bi mí bóyá iṣu ni mo fẹ́ jẹ lálẹ́ tàbí ìrẹsì, mo sì ń sọ fún un pé èyíkéyìí tó bá rọrùn fún un.